Bí A Ṣe Ń To Ẹ̀rọ Orin Gidi sí Pálọ̀, àti Bí A Ṣe Ń Tún Ohùn Rẹ̀ Ṣe

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ jókòó nínú pálọ̀ rẹ̀ kí ó gbọ́ orin bí ẹni pé olórin wà níwájú òun, kì í ṣe fún ẹni tó fẹ́ kí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé òun ń ṣe ìnáwó. Sípíkà méjì, anpilifáyà kan àti ohun kan tí orin yóò ti máa jáde ni a nílò. Pálọ̀ tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ jẹ́ irú èyí tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa: gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 5, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 4, àjà rẹ̀ ga ní mítà 3, búlọ́ọ̀kù tí a fi símẹ́ńtì rẹ́ ni ògiri rẹ̀, táìlì sì ni ilẹ̀ rẹ̀. Bí tiyín bá yàtọ̀, iye nìkan ni yóò yí padà, ìṣirò kan náà ni.

Èrò mi lórí ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin: yàrá àti ibi tí a gbé sípíkà sí ló ń pinnu ohùn tí a óò gbọ́, ju iye owó tí a ná lọ. Mo ti rí àwọn tó ra wáyà olówó gọbọi nígbà tí sípíkà wọn ṣì lẹ̀ mọ́ ògiri, tí ọ̀kan fara pamọ́ sẹ́yìn àga tìmùtìmù, tí èkejì sì wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Nítorí náà, yàrá ni a óò fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wọn yàrá kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ìró a máa rin nǹkan bí mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá gbéra láti ara ògiri kan, tó kan èkejì tó sì padà, àwọn ohùn béèsì kan wà tí ìgbì wọn bá gígùn yàrá náà mu, àwọn wọ̀nyí ni yóò sì máa hó ju àwọn yòókù lọ. Láti mọ èyí tó kéré jù nínú wọn, ẹ pín 343 sí ọ̀nà méjì, kí ẹ sì fi gígùn yàrá pín ohun tí ẹ bá rí. Nínú pálọ̀ tí a ń sọ yìí, gígùn rẹ̀ yóò fún wa ní nǹkan bí 34 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìgbì ń mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), fífẹ̀ rẹ̀ yóò fún wa ní 43 Hz, gíga rẹ̀ yóò sì fún wa ní 57 Hz. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra, ìyẹn sì dára. Ibi tí ìṣòro ti ń le ni yàrá onígun mẹ́rin tí gígùn rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀ dọ́gba, tàbí èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì fífẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ohùn kan náà ni ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò jùmọ̀ gbé ga. Bí ẹ bá ní yàrá méjì tí ẹ lè fi ṣe é, ẹ mú èyí tí iye rẹ̀ kò bára mu.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dúró láàárín yàrá kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ìró náà bá ń gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀ lẹ́yìn tí ọwọ́ yín ti dákẹ́, ẹ ti mọ iṣẹ́ tí kápẹ́ẹ̀tì àti aṣọ fèrèsé yóò ṣe níbẹ̀. Ẹ tún jókòó ní ìdákẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan: fáànù tó ń dún, ẹ̀rọ amúlétutù, fèrèsé lúfà tó ń mì, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Gbogbo ariwo wọ̀nyí ni ẹ óò máa gbé ohùn orin ga láti borí. Fèrèsé tó ṣe é tì dáadáa lè ṣe yín láǹfààní ju anpilifáyà tuntun lọ.

Yíyan sípíkà

Ìdajì owó tí ẹ ní, ẹ fi í sílẹ̀ fún sípíkà. Kò sí ohun mìíràn nínú ẹ̀rọ náà tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀ láti oríṣi kan sí òmíràn tó bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, Floyd Toole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní National Research Council ti Kánádà mú àwọn ènìyàn jókòó láti gbọ́ sípíkà láìjẹ́ kí wọ́n rí èyí tó ń dún. Ohun tí wọ́n rí ni pé, nígbà tí ojú kò bá rí orúkọ àti ẹwà, èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣọ̀kan: sípíkà tí ohùn rẹ̀ tẹ́jú láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tí ohùn tó ń dà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ jọjọ sí ti iwájú, ni wọ́n máa ń fẹ́ràn jù. Irú sípíkà bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá.

Fún yàrá mítà 5 sí 4, sípíkà kékeré tí kóònù béèsì rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 6 tàbí 6.5, tó dúró lórí ìdúró onírin tàbí onígi tó wúwo, ti tó. Àwọn gogoro tó dúró fúnra wọn dára, ṣùgbọ́n béèsì tí wọ́n ń dà sínú yàrá oníbúlọ́ọ̀kù máa ń pọ̀ ju ohun tí yàrá náà lè gbà lọ. Ẹ má ka iye PMPO tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí sí rárá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wáàtì tó wà níbẹ̀ kò ní ìtumọ̀ kankan. Iye RMS, ìyẹn agbára tí ó lè máa gbé láìdúró, ni kí ẹ wò, kí ẹ sì wo iye dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó) tí sípíkà ń mú jáde ní mítà kan bí a bá fún un ní wáàtì kan. Èyí tó bá wà láàárín 85 sí 90 dára fún ilé.

Ọjà tòkunbọ̀ kún fún sípíkà àtàtà, ní Alábà àti níbòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ mú ìka yín lọ síbẹ̀. Fóòmù tó yí etí kóònù ká máa ń jẹrà bí ọdún bá ti gorí ọdún, ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa kì í sì í ràn án lọ́wọ́. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́: bí ó bá ń rún sí yín lọ́wọ́, owó àtúnṣe ti wọ̀ ọ́, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ẹ óò san. Etí onírọ́bà máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan dání, kí ẹ fi wáyà so ó mọ́ sípíkà fún ìṣẹ́jú àáyá kan, orí bátìrì sí ojú pupa. Kóònù gbọ́dọ̀ sún síta. Bí ọ̀kan bá sún síta tí èkejì sún sínú, ẹnì kan ti tú u, ó sì da wáyà inú rẹ̀ pọ̀.

Anpilifáyà

Ọ̀pọ̀ ló rò pé wáàtì 100 yóò dún ní ìlọ́po méjì wáàtì 50. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlọ́po méjì agbára kò fi kún ohùn ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 lọ, ìyàtọ̀ díẹ̀ péré sì ni etí yóò gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: sípíkà méjì oní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 86, tí a bá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní wáàtì kan péré, yóò dún ní nǹkan bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 83 níbi tí ẹ jókòó sí nínú pálọ̀ yìí. Ìyẹn ti ju ìpele tí ọ̀pọ̀ fi ń gbọ́ orin nílé lọ. Wáàtì 50 yóò gbé e dé 100. Nítorí náà, anpilifáyà tó ní wáàtì 50 tàbí 60 tòótọ́ sí óòmù 8 (óòmù ni òṣùwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́nà tó, wọ́n máa ń kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀), tí kò sì ṣàárẹ̀ bí óòmù bá sọ̀ kalẹ̀ sí 4, ti tó fún ilé.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Èyí tó wá láti Amẹ́ríkà máa ń jẹ́ ti fólìtì 120, ti Japan jẹ́ 100. Bí ẹ bá kì í bọ iná fólìtì 230 tiwa, yóò jóná lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ní ibi tí a ti ń yí fólìtì padà, àwọn mìíràn kò ní, àfi kí a ra tiransifọ́mà sí i. Àwọn tó wá láti Britain àti Yúróòpù kì í ní ìṣòro yìí.

Ibi tí orin ti ń wá

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwo CD, tó jáde sọ́jà ní ọdún 1982, ń ka ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn sì ti kó gbogbo ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́. Ẹ̀rọ kékeré tó ń gba orin láti íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi wáyà so mọ́ anpilifáyà ti dára tó. Bluetooth wà fún àlejò.

Àwọn tó jogún àwo rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá wọn ló ní iṣẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹ má ṣe fi wọ́n sórí rediogíráàmù àtijọ́ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wúwo, nítorí yóò máa gbẹ́ ojú àwo náà. Ẹ̀rọ àwo tí apá rẹ̀ ṣe é wọ̀n ni kí ẹ lò. Ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ òde òní ń fẹ́ gíráàmù 1.5 sí 2. Ìwé tó bá abẹ́rẹ́ wá yóò sọ iye rẹ̀ gan-an, òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò sì lè wọ̀n ọ́n. Orí ibi tó tẹ́jú ni kí ẹ gbé ẹ̀rọ náà sí, ibi tí kò kan àpótí sípíkà. Anpilifáyà yín sì gbọ́dọ̀ ní ojúhò tí wọ́n kọ PHONO sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn náà yóò tín-ín-rín láìní béèsì, nítorí pé wọ́n dín béèsì kù nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ àwo náà, ojúhò yẹn ló sì ń dá a padà.

Iná mànàmáná

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀, tó sì ń ga tó ń rẹlẹ̀, ni ọ̀tá ẹ̀rọ orin nílẹ̀ wa. Sitabiláísà tó dára yóò gbà yín lọ́wọ́ èyí tó ga jù. Bí ẹ bá ń lo ìnfátà, ẹ rí i dájú pé irú èyí tí wọ́n ń pè ní pure sine wave ni. Irú kejì tó pọ̀ lọ́jà máa ń mú kí tiransifọ́mà inú anpilifáyà máa kùn, ìkùn náà sì máa ń wọ inú orin.

Bí sípíkà bá ń hùn nígbà tí orin kò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ gbogbo wáyà tó wọ inú anpilifáyà, kí ẹ dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ìhùn bá bá wọlé ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó fà á ni pé ẹ̀rọ méjì tó so mọ́ra wọn ń gba iná láti sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tó jìnnà síra. Ẹ kó gbogbo wọn sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ má ṣe gé ẹsẹ̀ earth púlọ́ọ̀gì kúrò láé, ohun yòówù kí oníṣẹ́ iná sọ fún yín: òun ló ń gba ẹ̀mí là.

Ní ti wáyà sípíkà, wáyà bàbà 2.5 tí wọ́n fi ń ṣe iná ilé ti tó bí kò bá gùn ju mítà 5 lọ. Ẹ so pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú. Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ra kápẹ́ẹ̀tì.

Gbígbé sípíkà sí ipò

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹ wá téèpù ìdíwọ̀n, okùn gígùn kan, àti téèpù bébà tí àwọn akunlé ń lò, èyí tí kì í ba táìlì jẹ́.

Ẹ gbé sípíkà méjèèjì sí iwájú ògiri tó kúrú, kí wọ́n lè máa kọjú sí gígùn yàrá. Láti àárín ọ̀kan sí àárín èkejì, ẹ fi mítà 2.2 sílẹ̀, èyí yóò fi sẹ̀ǹtímítà 90 sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ògiri ẹ̀gbẹ́. Ojú wọn yóò wà ní mítà 1.1 sí ògiri tó wà lẹ́yìn wọn. Ẹ rí i pé iye méjèèjì kò dọ́gba, nítorí pé bí ìjìnnà sí ẹ̀gbẹ́ àti sí ẹ̀yìn bá jẹ́ ọ̀kan náà, ibi kan náà ni ògiri méjèèjì yóò ti ba béèsì jẹ́. Mo mọ̀ pé ìyàwó ilé, tàbí ìyá tó wá kí yín, yóò béèrè ìdí tí àpótí méjì fi dúró láàárín pálọ̀. Ẹ lè máa tì wọ́n sẹ́yìn bí àlejò bá dé, ṣùgbọ́n ẹ fi téèpù bébà sàmì síbi tí ẹsẹ̀ wọn wà.

Àga yín kò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀yìn, níbi tí béèsì máa ń kó jọ sí, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ wà ní àárín gbùngbùn yàrá, níbi tí ìgbì 34 Hz tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan ti máa ń pòórá. Ibi tí mo máa ń bẹ̀rẹ̀ ni ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún gígùn yàrá, láti ògiri tó wà lẹ́yìn àga. Nínú pálọ̀ yìí, ìyẹn jẹ́ mítà 1.9. Bí ẹ bá fi okùn wọn ìjìnnà etí yín sí sípíkà kọ̀ọ̀kan, yóò tó nǹkan bí mítà 2.3, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìjìnnà tó wà láàárín àwọn sípíkà fúnra wọn. Ohun tí a ń wá nìyẹn. Okùn ti ọ̀tún àti ti òsì gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí ìyàtọ̀ wọn má ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Sípíkà kékeré tó ń sọ ohùn òkè gbọ́dọ̀ bá etí yín dọ́gba ní gíga, èyí tó máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 90 sí 100 bí ẹ bá jókòó.

Nísinsìnyí, ẹ fi orin kan tí olórin kan ṣoṣo ń kọ sí i. Ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá láti àárín, níbi tí kò sí sípíkà kankan. Bí ó bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní ojú kan, ẹ yí sípíkà méjèèjì díẹ̀ kí wọ́n túbọ̀ kọjú sí yín. Bí ohùn òkè bá ń gún yín létí, ẹ yí wọn padà síta. Bí kò bá sí àárín rárá, tí béèsì sì ti sọnù, ẹ lọ wo wáyà: ẹ ti so pupa mọ́ dúdú ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ máa sún wọn ní sẹ̀ǹtímítà 10 síwájú tàbí sẹ́yìn, kí ẹ sì máa gbọ́ béèsì. Sípíkà tí ojú rẹ̀ jìnnà ní mítà 1.1 sí ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè pàdánù ohùn ní nǹkan bí 78 Hz, nítorí pé èyí tó lọ kan ògiri tó padà wá yóò pàdé èyí tó ń jáde lọ, wọn yóò sì pa ara wọn. Bí ẹ bá sún un, ibi tí àdánù náà wà yóò yí padà. Ẹ má ṣe yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Títọ́jú yàrá

Kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn láàárín sípíkà àti àga ni àkọ́kọ́, aṣọ fèrèsé tó wúwo tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó sórí àga, kí ẹnì kan máa gbé dígí lọ lára ògiri ẹ̀gbẹ́. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí sípíkà nínú dígí náà ni ìró ti ń ta wá sí yín létí lẹ́yìn tí ojúlówó rẹ̀ ti dé, ibẹ̀ sì ni kí ẹ gbé pákó agbohùnmì sí.

Káfíńtà lè kan férémù rẹ̀ fún yín: sẹ̀ǹtímítà 60 sí 120, kí ó jinlẹ̀ ní 10. Rockwool, ohun bí òwú tí wọ́n fi òkúta yíyọ́ ṣe, ni kí ẹ kì sínú rẹ̀. Ẹ bo imú àti ọwọ́ bí ẹ bá ń gé e, nítorí ó máa ń yúnni lára. Aṣọ tí ẹ fi bò ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Àdìrẹ olówùú dára púpọ̀ fún un, bí a bá ti fọ ẹ̀kọ kúrò lára rẹ̀: ẹ fẹnu fẹ́ ẹ, bí èémí bá kọjá, ìró náà yóò kọjá. Páálí ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò mú béèsì kankan, eku nìkan ló ń rí i lò. Fún béèsì, irú pákó kan náà, tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní kọ̀rọ̀ méjì tó wà lẹ́yìn sípíkà.

Wíwọn ohùn

Room EQ Wizard jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ra máìkì ìdíwọ̀n tó ń wọ USB, irú bíi UMIK-1 ti miniDSP, kí ẹ gbé e sí ibi tí orí yín máa ń wà gan-an, kí ẹ sì jẹ́ kí ètò náà kọ ohùn láti 20 Hz dé 20,000 Hz. Láàárín 20 sí 300 Hz ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ibẹ̀ ni yàrá ti ń jọba. Ẹ óò rí òkè àti kòtò. Bí anpilifáyà tàbí ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì yín bá ní ibi tí a ti ń tún ohùn ṣe, ẹ fi gé orí àwọn òkè náà nìkan. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti dí kòtò: bí ẹ bá da agbára sí i, ìgbì tó ń padà wá láti ara ògiri yóò tún pa á, anpilifáyà yóò sì máa ṣiṣẹ́ lásán. Sísún sípíkà tàbí àga nìkan ló ń dí kòtò. Ìlà tó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti béèsì dé ohùn òkè máa ń dùn mọ́ etí nínú ilé ju èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ fi sọbúfà, ìyẹn sípíkà tó wà fún béèsì nìkan, kún un, ẹ gbé e sórí àga yín ná, kí ẹ fi orin béèsì sí i, kí ẹ sì máa rá kiri lórí ilẹ̀. Ibi tí béèsì ti dọ́gba jù létí yín ni kí ẹ gbé e lọ. Ní ti ibi tí yóò ti máa gba béèsì lọ́wọ́ àwọn sípíkà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 80 Hz, kí ẹ sì dín ohùn rẹ̀ kù títí ẹ kò fi ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Etí

Ìyá ìlù dùndún ni òṣùwọ̀n mi. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ni, oríkì àti òwe ló sì ń pè. Bí béèsì yàrá bá ń hó, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò bo ohùn àárín mọ́lẹ̀, ẹ óò mọ̀ pé ìlù ń dún ṣùgbọ́n ẹ kò ní mọ ohun tó ń wí. Ẹ wá orin tí ẹ ti mọ ohun tí onílù ń sọ nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi ohùn kékeré gbọ́ ọ. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà fún ohùn òkè: ilẹ̀kẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dún bí ohun tí a lè kà, kì í ṣe bí epo tó ń ta nínú agbada. Àgídìgbo yóò sọ bí béèsì bá ń pẹ́ kọjá ibi tí ọwọ́ onílù fi í sílẹ̀ sí. Ẹ sì gbọ́ àwọn elégbè, bóyá ẹ lè yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá ń fi ohun èlò méjì wé ara wọn, ẹ kọ́kọ́ fi máìkì wọn ohùn wọn kí wọ́n dọ́gba, nítorí pé èyí tó bá fi díẹ̀ dún ju èkejì lọ ni etí yóò máa pè ní èyí tó dára. Nígbà tí ipò sípíkà bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi kálámù tí kì í parẹ́ sàmì kékeré sórí ilẹ̀ lábẹ́ igun ìdúró wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì ṣí téèpù bébà kúrò, kí ẹni tó bá ń fọ ilé lè dá wọn padà sí ojú ibi tí wọ́n wà.